Nígbà Tí Àwòrán Bátìrì Pọ́n ní Lougba

Mo rántí ìgbà tí ọkàn mi wà lọ́wọ́ àwòrán kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká ló máa ń wà, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago: àwòrán bátìrì kékeré kan, tòun ti nọ́ńbà tó ń sọ iye agbára tó kù nínú bátìrì gidi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí agbára bá kún inú rẹ̀, àwòrán náà á ní àwọ̀ ewé. Bó bá dé ìdajì, á di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá wá ń tán lọ, á pọ́n, ẹ̀rọ náà á sì ké pí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọmọ adìyẹ tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, àyà mi máa ń já, àárẹ̀ á sì bò mí láìjẹ́ pé mo ṣe iṣẹ́ kankan.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Bantè ni mí. Aránṣọ ni bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ó sì ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó ní kí n lè lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Kùtọnu. Nígbà tí mo padà dé, mo rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Savalou, níbi tí a ti ń ṣe ìwé ọjọ́ ìbí fún àwọn ọmọ tí kò ní. Àwọn aláàánú kan láti òkè òkun ló ń náwó sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa nígbà yẹn á mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ lè kàwé títí dé kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó ṣe ìdánwò ni wọ́n á sọ pé kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Bí kò bá ní in, oko ló ń lọ. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, adájọ́ kan àti èmi a máa lọ sí abúlé, Pira lónìí, Atokoligbé lọ́la, kí àwọn àgbà lè wá jẹ́rìí sí ìgbà tí wọ́n bí ọmọ wọn. Ọmọ gúúsù ni adájọ́ náà, kò gbọ́ Ìṣà, èdè tí à ń sọ ní Bantè, kò sì gbọ́ Yorùbá. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Faransé fún un, èmi náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá padà dé Savalou níbi tí iná mànàmáná wà, a ó tẹ ìwé jáde, adájọ́ á fọwọ́ sí i, ó parí.

Kò sí iná ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn. Bátìrì ni gbogbo iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní àwòrán kankan tó ń sọ iye tó kù, a kàn ń ṣiṣẹ́ ní tìgbàgbọ́ ni. Ní Atokoligbé lọ́jọ́ kan, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láìkìlọ̀, ó sì gbé orúkọ ọmọ bí ogún lọ. A ní láti rán ènìyàn lọ pe àwọn bàbá padà láti oko, àwọn tó ti rin ọ̀nà jíjìn wá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti jẹ́rìí, tí wọ́n ti dúpẹ́, tí wọ́n sì ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù bátìrì ti wọ̀ mí lára.

Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé láti Kùtọnu pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì kan. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ti dísíkẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan díẹ̀, àwòrán bátìrì náà sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́." Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé e lọ sílé kí n lè fi han onílé mi, ìyá kan láti ẹ̀yà Mahi tó fẹ́ràn àwàdà. Ó wò ó títí, ó ní ṣé kò lè sọ iye tó kù nínú ara òun náà, kí òun lè mọ̀ bóyá kí òun gbin iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. A rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èmi ni mo máa tó jẹ́ ẹni tí àwòrán náà ń ṣàkóso.

Nítorí pé ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bó bá ti di àwọ̀ ìyeyè báyìí, ọkàn mi á ti máa wá ibi tí mo ti lè rí iná. Ní ìlú Bantè, ọmọ Nàìjíríà kan wà tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò, ó sì ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń yà sí. Bó bá ti rí mi, á pariwo, "Ìyàwó kọ̀ǹpútà, ebi tún ti ń pa ọkọ ẹ?" Màá ti wáyà bọ ihò iná, màá jókòó sórí àpótí, màá máa wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè. N kò jẹ́ kí bátìrì yẹn sọ̀ kalẹ̀ ju ìdajì lọ bí mo bá lè ṣe é. Lójú mi, ìtọ́jú ni mò ń ṣe.

Àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń gbà á ní wákàtí méjì tẹ́lẹ̀ kí ó tó pọ́n, wákàtí kan ló kù. Nígbà tó yá, kò tó wákàtí kan mọ́. Mo rò pé bátìrì ti ń darúgbó, mo sì mọ̀ pé ọ́fíìsì kò ní ra òmíràn. Ohun tó kù kí n ṣe ni kí n sáré. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó rẹ̀ mí nígbà yẹn, ó rẹ̀ mí débi pé mo máa ń sùn lórí alùpùpù akérò láàárín Bantè sí Lougba, tí mo fi aṣọ di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, tí eruku pupa kún imú mi. Ẹni tó ń wa alùpùpù náà á ní, "Àǹtí, ẹ má sùn o, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀." Kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ti di ìbéèrè mẹ́ta: orúkọ, ọdún, oṣù.

Àwọn àgbà wa kò sì mọ bí a ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní pàtàkì àwọn ìyá àgbà. Bí o bá bi ìyá àgbà ní ilẹ̀ wa pé ìgbà wo ni wọ́n bí ọmọ kan, kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ náà. Orí àkọ́bí ìyá rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, yóò so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí ó dé, ìgbà tí iṣu ta, ìgbà tí ilé ẹnì kan jó, títí yóò fi kan ẹni tí o ń béèrè. Kò sì ní fo ẹni tó ti kú. Wọ́n ní ẹni tó bá ka ọmọ ìyá kan tó fo òkú inú wọn, ó ti sọ pé òkú náà kò wá sáyé rí. Mo mọ àṣà yìí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá mi ṣe ń ka àwa náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń wo aago.

Ọjọ́ Lougba dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kaṣú ti ń so, ìdánwò kò sì jìnnà mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé-ìwé ni wọ́n gbé tábìlì sí fún wa. Èrò pọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwòrán náà ti di àwọ̀ ìyeyè, ènìyàn mẹ́jọ sì kù lórí ìlà. Ìyá àgbà kan ló wá kàn. Ó di ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún wa pé òun ló mọ ìwé jù ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn. Bàbá ọmọ náà ti kú. Ìyá rẹ̀ wà ní Nàìjíríà níbi tó ti ń ṣòwò. Ìyá àgbà yìí nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ó kí adájọ́. Ó kí mi. Ó kí igi máńgòrò pàápàá, nítorí pé bàbá ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín. Lẹ́yìn náà ó tún ìró rẹ̀ wé, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọkùnrin ni àkọ́bí ìyá rẹ̀. Ọdún tí bàbá wọn fi páànù bo ilé ni a bí i. Ọkùnrin ló tún tẹ̀ lé e. Ìyẹn dé lọ́dún tí iṣu ta tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fún ewúrẹ́ jẹ."

Mo ní, "Ìyá àgbà, èyí tí ẹ mú dání yìí ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀." Kò bínú. "Obìnrin ló tún wá tẹ̀ lé ìyẹn. Ọdún tí wọ́n ṣí ilé-ìwé tí a jókòó níwájú rẹ̀ yìí ni a bí i, nígbà tí a ń kó àgbàdo."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ ké pí. Mo wo igun ojú rẹ̀: àwòrán ti pọ́n. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Atokoligbé padà sí mi lára. Mo ti gbọ́ obìnrin, mo ti gbọ́ ọdún, ọdún tí wọ́n ṣí ilé-ìwé sì wà lára ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn. Ìgbà ìkórè àgbàdo, mo mọ oṣù tó jẹ́. Ẹ̀rí tó dára tó yẹn kì í wọ́pọ̀. Mo sọ ọ́ di Faransé fún adájọ́, adájọ́ mi orí, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán o."

Mo ní, "Ó ti tó, ìyá àgbà. Ẹ ṣeun. Ẹni tó kàn!"

Ó wò mí. Mo rántí pé ó wò mí, nítorí pé mo rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, n kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́, ná?" Mo dárúkọ bàbá mi. Ó ní, "Ẹni rere ni bàbá rẹ," ó sì dìde, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré. Òwe tí ènìyàn mọ̀ kì í ṣe nǹkan fún un bí ó bá ń sáré.

Mo fi ìpayà tẹ àwọn méje tó kù. Ẹ̀rọ kò kú. Wọ́n gbé iyán wá fún adájọ́, ó jẹ ẹ́, ó fọwọ́, ó fẹ̀yìn ti igi, ó sùn díẹ̀. Èmi ń to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ lórí ẹ̀rọ, àwòrán náà sì pọ́n bẹ́ẹ̀ láìkú, ó lé ní wákàtí kan. Mo ní Ọlọ́run ló kó mi yọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi pé kí ló dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé-ìwé Lougba wọ ọ́fíìsì wa ní Savalou. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò jókòó. Ó gbé ìwé ọmọbìnrin yẹn lé orí tábìlì mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo èyí. Gẹ́gẹ́ bí ìwé yín ṣe wí, ọmọ yìí fi ọdún márùn-ún ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Wọ́n dá fáìlì rẹ̀ padà. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún ìdánwò." Mo ní bóyá ìyá àgbà ló ṣì í. Ó mi orí. Ó ní òun ti ka ìwé náà sí ìyá àgbà létí, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ọmọ yìí ni wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ kẹta, èyí tó kú kí ó tó lè rìn. Ọmọ yìí ni ìkarùn-ún. Ìyá àgbà ń kà bọ̀ ni, mo sì dá a dúró lórí òkú.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi aṣọ òkú ọmọ wọ alààyè láìjẹ́ pé a ti bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òkú náà. Èmi ti fi ọjọ́ ìbí òkú wọ ọmọ, mo tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, mo sì fún un kó mú un lọ ṣèdánwò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tún yà lọ́dọ̀ wa. Mo ní kó bá mi wo bátìrì, ó ti darúgbó. Ó yọ wáyà, ó tan ẹ̀rọ sílẹ̀, ó lọ jẹun. Àwòrán pọ́n, ó ké pí, nọ́ńbà bọ́ sí òdo, ẹ̀rọ kò kú. Ọkùnrin náà jẹun tán, ó padà dé, ó bá a láàyè. Nígbà tó wá kú nígbẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, bátìrì yín ò ní àìsàn. Àwòrán yẹn ni ò mọ ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ ò jẹ́ kó débẹ̀ rí. Ibi tí ẹ máa ń dá a dúró sí, ibẹ̀ ló rò pé ìsàlẹ̀ wà." Ó ní kí n máa jẹ́ kó tán pátápátá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì jẹ́ kó kún padà, kí ó lè tún ara rẹ̀ mọ̀. Ìbẹ̀rù mi ni àwòrán náà kọ́, òun náà sì ń fi kọ́ mi padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó bébà sí, mo sunkún.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Lougba, n kò gbé ẹ̀rọ kankan dání. Ìwé àjákọ àti bíírò ni mo mú lọ. Mo bá ìyá àgbà níbi tó ti ń ṣa kaṣú. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé o wá gbọ́ èyí tó kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà."

"Jókòó dáadáa. Ilẹ̀ yẹn ní ìjàlọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́bí. Páànù. Iṣu. Ilé-ìwé. Nígbà tó dé orí ọmọ kẹta, kò kánjú. Ó ní ọmọ náà pupa, ó ní kì í sunkún, ó ní ìgbà òjò ni ibà mú un, wọ́n gbé e lọ sí Bantè lórí kẹ̀kẹ́, àmọ́ ọ̀nà ti kún fún omi. Lẹ́yìn náà ó ka ìkẹrin, ọkùnrin tó wà ní Savalou nísinsìnyí tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó wá kan ìkarùn-ún, ọmọ mi yìí, a bí i lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ kànga onírin sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ó parí. Mo wo aago ọwọ́ mi, n kò mọ ìdí tí mo fi wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí mo dá a dúró, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kó parí, bóyá mẹ́rin.

Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Ó ń ya kaṣú kúrò lára èso rẹ̀, kò gbójú sókè. Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, "Kò sí nǹkan, àǹtí," bí a ṣe ń dá àlejò lóhùn. Ó wá béèrè nǹkan kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, pé ṣé ó máa bọ́ sí i kí ìdánwò tó dé. Mo ní màá gbìyànjú.

Mo gbìyànjú. Ohun tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí, adájọ́ nìkan ló lè yí i padà, ó sì ní láti gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Mo jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá mi ní kí n yọ gbólóhùn yẹn, pé á ba orúkọ ọ́fíìsì jẹ́. N kò yọ ọ́, ó sì bínú sí mi fún ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ, mo bọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn tí wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ìdánwò dé. Wọ́n ṣe é. Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún mi pé ọmọ náà wá sí ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé tí ó ti fọ̀, ó dúró lábẹ́ máńgòrò títí wọ́n fi gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Bantè, ó sì gba ilé lọ. Ìdáhùn sí ìwé ẹ̀bẹ̀ mi dé nígbà tí òjò ọdún yẹn ti tán. Wọ́n gbà á.

Ó ṣe ìdánwò lọ́dún kejì láàárín àwọn tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì yege. N kò lè fi ìyẹn tu ara mi nínú jù. Ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ọmọ. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Savalou lẹ́yìn tó wọ ilé-ìwé girama, yóò kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, yóò sì kọjá.

Èmi ni mo mú ìwé tuntun lọ sí Lougba. Òfin ní kí n gba ti àtijọ́ padà, kí wọ́n lè ya á ní ọ́fíìsì. Ìyá àgbà mú un jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá wé e. Ó gba tuntun lọ́wọ́ mi, ó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò fún mi ní ti àtijọ́. Ó dì í mú sí àyà.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé orúkọ ọmọ tó kú yẹn kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ti kà á fún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ yẹn kò ní ìwé kankan láyé yìí. Kò ní fọ́tò. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wá. Èyí nìkan ni. Má jẹ́ kí wọ́n ya á."

Mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo padà sí Savalou, mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ìwé àtijọ́ náà sọnù, pé a wá a tì. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i láìkà á.

Ó ti pẹ́ jù báyìí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ mi ló ń bá mi ka lẹ́tà. Ìyá àgbà yẹn ti sùn tipẹ́. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn. Mo ti tẹ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ láyé mi, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo tẹ̀ bó ṣe yẹ. N kì í rántí wọn. Èyí tí mo tẹ̀ ní àṣìṣe ni mo ń rántí, ọmọ kan tí n kò rí rí, tó pupa, tí kì í sunkún, tí wọ́n bí nígbà ìkórè àgbàdo. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa sínú ìwé ìjọba ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, òun sì nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọmọ náà.